Nọ́ńbà Tí Gbogbo Kíláàsì Kọ

"Mẹ́rìnlélógún ààbọ̀." Olórí kíláàsì wa sọ ọ́ sí mi létí, ó sì kọjá bí ẹni pé òun kọ́ ló sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tó tò sẹ́yìn mi, ó tún un sọ. Ẹlẹ́rìn-ín yọ bírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Nọ́ńbà kan ṣoṣo," mo ní. "O ò lè há a sórí?"

"Orí mi ti kún," ó ní. "Iṣẹ́ mẹ́fà ni mo ti rọ́ sínú ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sáyè ìjókòó mọ́."

Iwájú láàbù la wà, àwa ogún tó kù tí a ò tíì ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe kẹ́mísìrì. Àwọn ogún àkọ́kọ́ ń jáde bọ̀, wọ́n ń fi ojú bá wa sọ̀rọ̀, ara wọn sì balẹ̀.

Bí ìdánwò náà ṣe rí nìyí. Wọn á fún ọ ní búrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá onígíláàsì gígùn kan tó ní ẹ̀rọ omi kékeré nísàlẹ̀, tí wọ́n fa ìlà sí lára bí rúlà. Ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. O máa jẹ́ kí ásíìdì yẹn máa kán tó, tó, tó, sínú ìgò kan tí omi mìíràn wà nínú rẹ̀, títí àwọ̀ omi náà á fi yí padà. Ibi tí ó bá ti yí padà, o máa ka ìlà, o máa kọ iye ásíìdì tó ti kán sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa ṣe é. Tíṣà náà á ṣe tiwọn, wọn á kọ ọ́ ránṣẹ́, àwọn tó ń máàkì á sì fi tiwa wé ti tíṣà. Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà tíṣà ti parí ìdánwò kó tó wọlé.

Ta ló wá sọ nọ́ńbà náà síta? Tíṣà fúnra wọn ni. Mádàánù là ń pè wọ́n, nítorí pé láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ wọ́n, "Má dà á nù" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú wọn o. Búrẹ́ẹ̀tì márùn-ún péré ni ilé-ìwé wa ní, àwọn ni wọ́n fi owó ara wọn ra méjì nínú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ni wá, tíṣà kan, kò sí olùrànlọ́wọ́. Ní ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ mi kan búrẹ́ẹ̀tì, ìgbà kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ pé wọ́n ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Orí pátákó ìkọ̀wé la ti ń rí i, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yà á, àwa náà á yà á sínú ìwé, a ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù. Tí wọ́n bá ní kí a wá ya búrẹ́ẹ̀tì nínú ìdánwò ni, gbogbo wa ni à bá gba ipò kìíní. Mádàánù mọ èyí. Àánú wa ló ṣe wọ́n, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Èmi ní tèmi ò tún lè fi kẹ́mísìrì ṣeré. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn ti kọ̀wé sí mi pé àyè mi wà nílẹ̀, bí mo bá yege nínú kẹ́mísìrì. Bí n ò bá yege, àyè di ti ẹlòmíì. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ, ti fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ kọ́ lẹ́tà náà sára ògiri lókè maṣíìnì wọn. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí wọn ò kà á fún.

A wọlé. Búrẹ́ẹ̀tì ogún tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ni wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé mìíràn fún ọjọ́ náà nìkan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Alábòójútó tí ọ́fíìsì ìdánwò rán wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fẹ́ ara wọn lábẹ̀bẹ̀. Mádàánù ń làágùn. Mo rí wọn tí wọ́n ń sáré da ásíìdì láti inú ìgò ńlá kan sínú àwọn kékeré.

N ò ní purọ́. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ti kọ mẹ́rìnlélógún ààbọ̀ sí ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wa la kọ ọ́. Bírò ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú láàbù lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, búrẹ́ẹ̀tì sì wà níwájú mi, tèmi nìkan. Mo ní kí n kàn fi dárayá. Mo ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, ásíìdì bẹ̀rẹ̀ sí kán. Omi inú ìgò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Lójijì, ẹ̀kán kan ṣoṣo bọ́ sí i, ó sì di pupa rúsúrúsú. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mo ka ìlà. Mọ́kànlélógún.

Mo ní mo ti ṣìṣe. Mo fọ ìgò, mo tún un ṣe. Mọ́kànlélógún. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń mú un ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi omi sí ẹnu ọmọ tuntun. Mọ́kànlélógún náà ni. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ pé mo jẹ́ kó kán kọjá ààlà ni, nọ́ńbà tèmi ìbá ga ju ti tíṣà lọ. Báwo ló ṣe wá lọ sílẹ̀?

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹlẹ́rìn-ín ò tíì ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀ rárá. Ó ń ya òdòdó sára ìwé ìbéèrè.

Ẹ wo ibi tí mo wà. Bí mo bá fi nọ́ńbà gbogbo ayé sílẹ̀, mo yege, mo di apòògùn. Bí mo bá kọ ohun tí ojú mi rí, tí tíṣà kọ tiwọn ránṣẹ́, èmi nìkan ni n ó gba òdo, lẹ́tà orí ògiri á di ìwé ìdì-ẹ̀pà. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ apòògùn yẹn gan-an ló há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ tí mo bá dé ibẹ̀, tí òṣùwọ̀n bá sọ ọ̀kan, tí àwọn tó yí mi ká sọ òmíràn, ta ni yóò gbé oògùn tí mo bá pò mì?

Mo fi ìlà pa nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Mo kọ mọ́kànlélógún sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìwé mi dọ̀tí.

"Ṣé orí ẹ pé?" Ẹlẹ́rìn-ín sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀yin méjì yẹn," alábòójútó ní. A dojú kọ ìwé wa.

Nígbà tí àkókò tó, èmi ni mo fún Mádàánù ní ìwé kẹ́yìn. Àwọn yòókù ti ń jáde. Mádàánù wo ìwé mi, wọ́n dúró.

"Kí ló dé tí o pa èyí rẹ́?"

"Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, sà. Mọ́kànlélógún ni mo rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n rìn lọ sídìí tábìlì mi, wọ́n lo ásíìdì tó ṣẹ́kù síbẹ̀, wọ́n ṣe é fúnra wọn. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn wọn. Nígbà tí àwọ̀ yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ka ìlà, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Ásíìdì tán lẹ́yìn àwọn ogún àkọ́kọ́," wọ́n ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo sáré po òmíràn. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló fi tó. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dán an wò, n ò sì dán an wò."

"Tíṣà, ẹ kọ tiyín kí n lẹ àpò yìí," alábòójútó ké sí wọn.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí Mádàánù bá kọ mẹ́rìnlélógún ààbọ̀ fún ogún kejì, èèyàn mọ́kàndínlógún yege, èmi kùnà. Bí wọ́n bá kọ mọ́kànlélógún, èmi yege, àwọn mọ́kàndínlógún tí wọ́n fẹ́ràn bí ọmọ á pàdánù máàkì yẹn pátá. Wọ́n wò mí. Omi ti lé rorò sójú mi.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "o mọ ẹrù tí o gbé lé mi lórí báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀."

Wọ́n mú bírò. Wọ́n kọ mọ́kànlélógún, wọ́n fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Mádàánù dúró níwájú kíláàsì, wọ́n ní àwọn ló jẹ̀bi. "Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ yín ni mo ń gé, tí mo ń fi ọ̀pá lé yín lọ́wọ́." Wọ́n lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ọ̀gá gba iṣẹ́ àbójútó ìdánwò lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè gba kíláàsì lọ́wọ́ wọn, torí kò sí tíṣà kẹ́mísìrì mìíràn.

Màmá mi nìkan ni kò yà lẹ́nu. "Bí mo bá fi ìwọ̀n oníbàárà àná gé aṣọ ti òní," wọ́n ní, láìgbé ojú kúrò lára maṣíìnì, "ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

Èsì jáde. Mo yege. Mẹ́jọ nínú àwa ogún ló fìdí rẹmi nínú kẹ́mísìrì, Ẹlẹ́rìn-ín wà lára wọn; máàkì ìdánwò alákọsílẹ̀ ló gba àwọn yòókù là. Àwọn ogún àkọ́kọ́ yege dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn náà gba nọ́ńbà. N ò ní sọ fún yín pé ayé dọ́gba.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ẹlẹ́rìn-ín ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Lọ́jọ́ kan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi.

"N ò bínú pé o kọ tìẹ," ó ní. "Ara mi ni mò ń bínú sí. Mo jókòó ti búrẹ́ẹ̀tì odindi wákàtí kan, mò ń ya òdòdó."

"Òdòdó náà ò tiẹ̀ dára," mo ní. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mádàánù ti rí ọgbọ́n mìíràn dá nígbà yẹn. Wọ́n ra sírínjì ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní abẹ́rẹ́. Sírínjì ní ìlà lára, kò wọ́n, kì í sì í fọ́. Ní Sátidé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú tirẹ̀, ó ń fi kán ásíìdì. Kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mi, mo ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ya búrẹ́ẹ̀tì sínú ìwé mọ́.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Ẹlẹ́rìn-ín tún ìdánwò ṣe ní ilé-ìwé mìíràn. Mo dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ásíìdì.

"Mélòó lo rí?"

"Méjìdínlógún ó lé díẹ̀."

"Ṣé ó bá ti tíṣà ibẹ̀ mu?"

"N ò mọ̀," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò sọ tiwọn fún mi, n ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ó bá ti inú ìgò mu."

Ó yege. Kódà ká ní kò yege, mo mọ̀ pé ó ti mọ kẹ́mísìrì. Ohun èlò lè máà tó ní ilé-ìwé ẹni, tíṣà rere sì lè ṣìṣe nítorí àánú. Tiwa ló rí bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì kọ́ ọmọ aránṣọ títí ó fi di apòògùn. Ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n fi ta èèyàn lọ́rẹ kì í ṣe ìmọ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe, tí ojú rẹ rí, tí o sì ní ìgboyà láti kọ sílẹ̀, òun ni tìrẹ.