Ohun Tí Oníwáyà Rí Tí Kò Sọ

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ń gbọ́ Tíṣà? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Tíṣà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú gbogbo àwọn ọmọ náà ti dì bí àwòrán níbẹ̀: ọ̀kan lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ, òmíràn ki ìka bọ imú, ìka náà ò sì jáde mọ́.

"Mò ń gbọ́ yín kedere, mà," ohùn kan dáhùn láti ojú fèrèsé.

Tíṣà yíjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí àkàbà níta, ó fi wáyà dúdú kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, eruku ògiri ti sọ irun rẹ̀ di ewú, ẹ̀rín rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ débi pé Tíṣà gbàgbé ohun tó fẹ́ wí.

"Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?" ló wá sọ níkẹyìn.

"Ẹ béèrè bóyá a ń gbọ́ ni. Ẹ̀kọ́ náà dùn. Mo ti mọ a, b, d báyìí."

Ìbínú ni Tíṣà wá kiri, ẹ̀rín ló rí.

Màmá rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, tí àdúgbò mọ̀ sí Oníwáyà. Inú yàrá rẹ̀ ni Tíṣà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ń wọ́ bí ìgbín. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀: bí ẹ̀kọ́ bá ṣì ń já báyìí, kó lọ wáṣẹ́ míì.

Oníwáyà pààrọ̀ wáyà tí oòrùn ti jẹ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló béèrè ráútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé. Màmá mú un lọ sí yàrá tirẹ̀, síwájú kọ́bọ́ọ̀dù onírin funfun kan.

"Inú ibí ló wà," ni Màmá wí. "Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ló fi dá mi lọ́lá lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Olè ò lè ṣí i, eruku ò lè wọ̀ ọ́." Ó fi ìka kàn án, irin náà dún gbóú. "Kò dára ni?"

Oníwáyà wo irin. Ó wo Màmá. Ó wo Tíṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dára, mà."

Ìgbà tó padà wá, ó rí i pé àwọn aládùúgbò ń bá wọn lo íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ó sì yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ìgbà tó tún wá, tẹlifíṣọ̀n Màmá ló bá níbi tó ti ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Gbogbo rẹ̀ ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń wá láìsí àkàbà.

"Kí ló tún bàjẹ́?" Tíṣà á bi í.

"Ọkàn mi ni, olùfẹ́. Kò gbé jẹ́ẹ́ mọ́."

"Lọ bá Màmá. Nọ́ọ̀sì ni."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dùn, títí ọjọ́ tí ọ̀gá Tíṣà fúnra rẹ̀ wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti wo ẹ̀kọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì já. Ó padà. Ó tún já. Ọ̀gá ní kó sinmi ná. Bí kò bá rí ojútùú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun á gbé kíláàsì náà fún ẹlòmíì.

Ẹkún ni Tíṣà ń sun, tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri ilé bí ẹni tó ń rẹ ọmọ, nígbà tí Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú òwú. Lójijì, gbogbo nǹkan ojú kọ̀ǹpútà ṣí wàá. Màmá ti ilẹ̀kùn. Íńtánẹ́ẹ̀tì tún já. Tíṣà bẹ ìyá rẹ̀ kó tún ṣí i, kó tún tì í: bákan náà ló rí. Ó pe Oníwáyà lórí fóònù.

"Irin yẹn ni. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"O mọ̀, o wá ń wò mí níran?"

"Mo ti rí ọ kí n tó rí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo ní bí mo bá tàbùkù ohun tí ìyá rẹ fi ń yangàn, ta ni yóò fún mi lọ́mọ?"

"Ìyá mi lo fẹ́ fẹ́ ni? Ọkọ tí yóò máa purọ́ kí ilé lè tòrò, mi ò fẹ́ irú ẹ̀." Ó pa fóònù.

Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oníwáyà dúró níwájú Màmá.

"Màmá, kọ́bọ́ọ̀dù yín ló ń há íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lé. Mo mọ̀, mo panu mọ́, nítorí ojú rere yín ni mò ń wá."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ní wọ́ọ̀dù tèmi, ẹni tó bá rí àìsàn tó dákẹ́, mo máa ń lé e síta ni."

"Ẹ lé mi, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé ráútà jáde ná, kíṣẹ́ ọmọ yín má bọ́."

Màmá na kọ́kọ́rọ́ sí i. Oníwáyà gbé ráútà náà kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè, láàárín ilé gan-an. Tíṣà sáré jáde látinú yàrá rẹ̀, kọ̀ǹpútà lọ́wọ́: ó ti pe ọ̀gá rẹ̀, ohùn ò já, ojú ò dì, ọ̀gá sì ti dá kíláàsì padà. Oníwáyà rẹ́rìn-ín, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró," ni Màmá wí. "Ṣé ó ku ohun tó o rí tó ò tíì sọ?"

"Ó kù, mà. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

"Èmi kọ́ ni wàá sọ ọ́ fún. Òun rèé."

Tíṣà kọjú sí Oníwáyà. "Bí ọbẹ̀ mi bá níyọ̀ jù, ṣé wàá sọ?"

"Màá sọ."

"Bí mo bá ń hanrun?"

"Màá sọ, màá sì wá òwú dí etí."

"Bí aṣọ ò bá yẹ mí ńkọ́?"

Oníwáyà wò ó, ó fọwọ́ họrí. "Olùfẹ́, bùláòsì tó o wọ̀ yìí... o yí inú rẹ̀ síta."

Tíṣà wo ara rẹ̀. Òótọ́ ni! Ojú ibi tí wọ́n ti rán an ló kọjú sáyé, báyìí ló sì ṣe jókòó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá ti rí i láti àárọ̀, ó kàn ń pa á mọ́ra ni. Màmá bú sẹ́rìn-ín débi tó fi di ògiri mú.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ Oníwáyà. "Màá fẹ́ ọ. Yí ojú sẹ́yìn ná, kí n lọ tún aṣọ wọ̀."