Orúkọ Tí Nazeli Pè fún Dókítà

Etí òkun ni Nazeli àti Feride jókòó sí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pín búrẹ́dì kan jẹ, nígbà tí aládùúgbò kan pe Nazeli lórí fóònù pé ìyá àgbà rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù. Òdìkejì Istanbul ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nazeli ní kí Feride máa lọ sílé, Feride kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Feride kò mọ̀ pé ọmọ Armenia ni ọ̀rẹ́ òun. Nazli ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, orúkọ tí àwọn ọmọ Turkey ń jẹ́, kò sì tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Abẹ́ aṣọ ló ń fi àgbélébùú ọrùn rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn rí ọmọkùnrin kan láàárín wọn tó ń jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Armenia. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní kèfèrí, tí wọ́n ń bi í ìgbà tí yóò padà sí ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Istanbul ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Ọmọ náà fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín, Nazeli bá wọn rẹ́rìn-ín.

Orí ibùsùn ni wọ́n bá ìyá àgbà, Zaruhi. Èdè Turkey dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣubú náà ti gbá a dànù. Èdè Armenia tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nìkan ló kù.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Màmá, níbo ló ń dùn yín?"

Ìyá àgbà kò wo dókítà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Nazeli mi, orí ni mo fi gbálẹ̀. Sọ fún wọn pé mò ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí wọ́n fún mi nítorí ọkàn mi. Sọ fún wọn, ọmọ mi."

"Èdè wo nìyẹn?" dókítà bi Nazeli. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

Feride náà yíjú sí i. Nazeli mi orí.

"Mi ò gbọ́, Dókítà. Àgbà ló dé. Wọ́n máa ń sọ kántankàntan báyẹn."

Dókítà béèrè orúkọ aláìsàn. Nazeli ní Zehra, orúkọ tí àwọn ará Turkey ń jẹ́. Wọ́n wá Zehra nínú kọ̀ǹpútà, wọn kò rí oògùn kankan tó ń lò. Ìbàdí ló wú, kò sí ẹ̀jẹ̀ lórí, nítorí náà ìbàdí ni wọ́n gbájú mọ́. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè láti fi ya àmì àgbélébùú sí àyà. Nazeli gbá ọwọ́ náà mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùsùn. Feride rò pé ìfẹ́ ni, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Nazeli ti pinnu pé bí Feride bá ti yẹra báyìí, òun á sọ ọ́. Feride kò yẹra. Nígbà tó jàjà lọ ra tíì, Nazeli sáré jáde, ṣùgbọ́n dókítà ti wà lọ́dọ̀ àwọn tí ọkọ̀ wọn dànù. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó ní kó ní sùúrù. Kí dókítà tó tẹ̀ lé e wọlé, ìyá àgbà ti ń hanrun, wọ́n jí i, kò jí. Ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò bọ́ sí i. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Nazeli bi í bóyá ìyá òun sọ ohunkóhun. Nazeli kò lè gbé e mì. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò gbá a létí, kò ṣépè. Ó kàn dìde, ó wọ yàrá lọ.

Feride wá síbi ìsìnkú. Ó dúró lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ bí àlùfáà ṣe ń gbàdúrà lédè Armenia àti bí Nazeli ṣe ń dáhùn láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́nu géètì ni Feride ti dá a dúró.

"Èdè tí Màmá sọ lọ́jọ́ yẹn nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Nazeli sọ ohun tí ìyá àgbà sọ nípa oògùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹ̀rù ló ba òun, pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun kọ òun. Feride jẹ́ kó parí.

"Ká ní o sọ fún mi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Bóyá ǹ bá bínú, bóyá ǹ bá tiẹ̀ bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ì bá lè wà láàyè. Má gbé ikú wọn kọ́ mi lọ́rùn o."

Láti ọjọ́ náà ni Feride ti kúrò lórí àga tí wọ́n jọ ń jókòó sí ní kíláàsì.

Nazeli tún orúkọ rẹ̀ ṣe níwájú gbogbo kíláàsì. Àwọn kan pè é ní kèfèrí bó ti rò, ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyà náà kò pani. Èyí tó wà nílé ló le jù. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún un, ó ń lọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Turkey nìkan ló ń bá a sọ, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Bí Nazeli bá fi èdè Armenia kí i, èdè Turkey ni yóò fi jẹ́.

Ẹni tó sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Kò sí ọ̀dọ́ tí ojú ẹgbẹ́ kì í bà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sẹ́ èdè ìyá rẹ̀ rántí pé ọjọ́ kan lè dé tí ẹ̀mí ènìyàn yóò so mọ́ èdè náà, tí kò sì ní sí ẹlòmíràn nínú yàrá tó gbọ́ ọ.