Oríkì Àárọ̀ Àkànmú

“Bí ojú rẹ̀ yóò bá fọ́, kó fọ́! Ṣé èmi ni mo bu ata sí i lójú ni?”

Ohun tí Fọlárìn fi dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn nìyí lọ́jọ́ Àìkú kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà níwájú wọn, tó ń fọwọ́ wá ṣíbí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kiri ilẹ̀. Fúnkẹ́mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láti ọdún tó kọjá ni òkùnkùn ti ń rá bò ó lójú díẹ̀díẹ̀. Dókítà n'Ìkẹjà ti sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ pé bí wọn kò bá tètè gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù fún iṣẹ́ abẹ, kò ní í ríran mọ́ láéláé.

Baba ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Ẹnu tí Fọlárìn fi sọ ọ̀rọ̀ burúkú yìí, ẹnu náà ni yóò fi tú àṣírí ara rẹ̀, níbi tí kò ti sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sá gbà.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú owó wọ́n, tí sọ́jà ń ṣèjọba, tí ilé iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti Ìlúpéjú dé Ọ̀gbà. Fọlárìn, ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó, ni máníjà ilé iṣẹ́ bàtà kan n'Ìlúpéjú. Alhaji Shuaib ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaji, awọ màlúù ló ń rà ní Oko Ọba kó tó di olówó, ṣùgbọ́n Kánò ló wá fi ṣe ibùjókòó. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọjú sí Èkó. Kò mọ ilé máníjà rẹ̀, kò sì fojú kan ìyàwó rẹ̀ rí, nítorí Fọlárìn kì í jẹ́ kí Catherine dé ilé iṣẹ́. Ó ní obìnrin tó ń ránṣọ l'Ágége kò yẹ láàárín àwọn ọ̀gá.

Catherine gbé e mì. Obìnrin àdúrà ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò kúnlẹ̀, yóò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà yóò yíjú sí ọkọ rẹ̀, yóò kì í. Ìyá Fọlárìn ló kọ́ ọ ní oríkì náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ìyá náà ti sọ fún un pé ààrá kò lè jí ọmọ òun, aago kò lè jí i, oríkì nìkan ni. “Bí ẹ bá tilẹ̀ jà, ọmọ mi, má fi oríkì bínú. Ẹni tí a kì, orí rẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Fọlárìn lè máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, bí Catherine bá ti kì í dé ìlà kan, ẹnu rẹ̀ yóò dáhùn kí ojú rẹ̀ tó là.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́lá ni kòkòrò inú ilé yìí. Ọmọ àbúrò bàbá Catherine ni. Kékeré ló wà nígbà tí Catherine mú un wá láti ìlú, tó rán an nílé ìwé, tó fi owó aṣọ rírán kọ́ ọ ní iṣẹ́ taípù. Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, ẹ̀gbẹ́ Fọlárìn ló jókòó sí, tó kẹ́sẹ̀ léra, tó ń jẹ ẹ̀pà.

“Àǹtí mi, ẹ fi Bùọ̀dá sílẹ̀ jàre. Níbo ni kí wọ́n ti rówó Lọ́ńdọ̀nù nínú Sáàpù yìí? Ẹ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń gbààwẹ̀.”

Catherine wò ó títí. “Lọ́lá, ọmọ tó o fi ẹ̀yìn rẹ pọ̀n nìyẹn o.”

Lọ́lá tún ju ẹ̀pà sẹ́nu. Fọlárìn ní òun ń lọ sí Kàdúná lọ́jọ́ kejì láti wá awọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ òun lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì náà ni Lọ́lá ní òun ń lọ wo bàbá òun n'Íjẹ̀bú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tò!

Catherine sunkún, ó nu ojú, ó dìde. Ó ta àwọn wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn àga ẹ̀yìn pátápátá nínú bàálù tó rọjú jù lọ lówó rẹ̀ ká. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ló ti gba páásípọ́ọ̀tù àti ìwé àṣẹ ìrìnnà àwọn méjèèjì. Ó múra, ó mú ọmọ rẹ̀, wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú, ni wọ́n bá gbọ́ pé bàálù ti bàjẹ́. Orí ìrépé aṣọ ni ìyá àti ọmọ sùn sí níbẹ̀, títí di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n pín àwọn èrò náà sínú bàálù àwọn ẹlòmíràn.

Bàálù tí wọ́n fi wọ́n sí kún dé ẹnu. Àga kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹni méjì ni wọ́n. Omidan tó ń tọ́jú èrò rí bí Fúnkẹ́mi ṣe ń di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Àánú ṣe é. Ó sọ fún Catherine pé àga méjì ṣófo lápá iwájú, pé ẹni tó ni ọ̀kan nínú rẹ̀ kò yọjú, kí wọ́n máa bọ̀. Ó ká aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú wọn wọ fáàsì kíláàsì.

Wọ́n ti dín iná kù níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ dà bí ti ṣọ́ọ̀ṣì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Àga ibẹ̀ kì í ṣe àga lásán. Omidan náà tẹ nǹkan kan, àga bá na ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀, ó di ibùsùn. Ó kó ìbọ̀sẹ̀ rírọ̀ fún wọn, ó fún wọn ní aṣọ ìnujú gbígbóná tó ń ta sánsán bí òróńbó, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọmọ náà dé ọrùn. Lórí abọ́ funfun ni wọ́n ti gbé oúnjẹ wá, aṣọ tábìlì ló sì wà lábẹ́ abọ́. Catherine tó ti ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ láti ọjọ́ méjì kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Fúnkẹ́mi ń fọwọ́ pa àga náà káàkiri. “Mọ́mì, àga yìí gùn ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Ta ló ni ín?”

“Ọlọ́run ló ni ín. Sùn, ọmọ mi.”

Ọmọ náà sùn. Catherine náà fẹ́ẹ́ di ojú ni ó gbọ́ ohùn kan. Níwájú rẹ̀ gan-an, ọkùnrin kan ń hanrun. Ó fà á gùn, ó dá a dúró bí ìgbà tí okùn ẹ̀rọ já, ó tún fà á.

Catherine gbé etí sílẹ̀. Ọdún kẹwàá rèé tó ti ń gbọ́ ohùn yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ọkọ òun wà ní Kàdúná, pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń hanrun. Ó nà ró díẹ̀. Ọkùnrin náà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé àgbọ̀n, ó fi aṣọ dúdú tí wọ́n ń pín fún wọn bo ojú. Obìnrin kan sùn tì í, tòun ti aṣọ dúdú lójú, ọwọ́ rẹ̀ sì wà láyà ọkùnrin náà. Ẹ̀gbà wúrà kan wà lọ́rùn ọwọ́ yẹn. Catherine mọ̀ ọ́n. Ìkejì èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ni, èyí tó sọnù láti ìgbà Àjíǹde, tí Lọ́lá bá a tú gbogbo yàrá wá títí tó fi ń làágùn.

Ọ̀rẹ́ ló ń da ni, ará ilé ẹni ní í ṣeni. Ọ̀tá tó wà lójúde kò mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Catherine la ẹnu, igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Bó bá pariwo, wọn yóò ní wèrè ni. Bó bá jí Lọ́lá, irọ́ ni yóò kọ́kọ́ jí lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lè lé òun àti ọmọ padà sẹ́yìn, níbi tí kò sí àyè. Ó padà jókòó. Ó di ọwọ́ Fúnkẹ́mi mú. Ó ń ka Sáàmù láìyọ ohùn, omijé ń ro sórí aṣọ tábìlì funfun náà, ọkọ rẹ̀ sì ń hanrun lọ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn omidan ṣí ojú fèrèsé, tí oòrùn wọlé pupa fòò, tí òórùn tíì gba inú ọkọ̀, Catherine nu ojú rẹ̀. Àsìkò oríkì ti tó. Ó jáde sí ọ̀nà àárín, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà bí ó ti ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀:

“Àkànmú, jí o, ojúmọ́ mọ́.
Ọmọ Alárè, ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó,
Ọmọ a-gbọ́-ohùn-ìyá kó tó gbọ́ ti àkùkọ.
Ọmọ ẹni tó bá olóhun pa ohun mọ́, tí kò ṣí i wò.
Baba rẹ kò dalẹ̀ rí, Àkànmú…”

Ìhanrun náà dúró. Ọkùnrin náà na ẹsẹ̀, ó yán, aṣọ dúdú ṣì wà lójú rẹ̀.

“Òo, Catherine mi. Mo jí ire. Ṣé omi ti gbóná?”

Ohùn yìí ló jí Fúnkẹ́mi. Ó gbé orí sókè, ó ń kọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Dádì? Mọ́mì, ṣé Kàdúná la wà ni?”

Fọlárìn fa aṣọ ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, lórí ìkúnlẹ̀.

Àgbàlagbà kan tó wọ agbádá funfun, tó ń ka tẹ̀sùbáà ní òdìkejì ọ̀nà, dá ọwọ́ dúró. Alhaji Shuaib ni, tí òwò tirẹ̀ ń gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. “Máníjà, o ní Catherine. Ṣebí Catherine ló sùn tì ọ́ yẹn?”

Lọ́lá ti jí. Ó fò dìde, gèlè rẹ̀ ti wọ́. “Alhaji, ẹ má dá wèrè yìí lóhùn. Télọ̀ mi ni, ará Agége. Owó ló fẹ́ gbà. Èmi ni Catherine.”

“Ó dáa,” ni Alhaji wí. “Ìwọ tó o jẹ́ Catherine, ibi tí télọ̀ bá a dé yẹn, bá wa kì í parí.”

Lọ́lá wo Fọlárìn. Fọlárìn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Àkàn… Àkànmú… Ah, Alhaji, ọmọ ìgbàlódé ni mí. Èmi ò kì í ki ọkọ.”

“Bẹ́ẹ̀ oríkì ló jí i.” Alhaji yíjú sí Fúnkẹ́mi, ó rí bí ojú ọmọ náà ṣe ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Fọlárìn, ọmọ tó o ní màmá rẹ ti gbé ṣáájú lọ bá dókítà, òun nìyí?”

Fọlárìn bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, pé òun yóò ṣàlàyé bí wọ́n bá balẹ̀. Alhaji kò dúró dè é. Catherine ló bá sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbọ́. Alhaji ní òun gbọ́ pé ojú ọmọ máníjà òun ń kú lọ, àánú sì ṣe òun. Òun ra tíkẹ́ẹ̀tì fáàsì kíláàsì mẹ́ta, ti baba, ti ìyá, ti ọmọ, kí ọmọ náà lè nà gbalaja dé Lọ́ńdọ̀nù. Òun sì ti bá dókítà ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Àwọn méjì yìí ló wá bá òun nínú bàálù, tí wọ́n ń pe ara wọn ní bàbá àti ìyá ọmọ.

Catherine dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò pariwo.

“Bàbá Fúnkẹ́mi, tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí ti wà lápò yín nígbà tí ẹ ní kó fọ́?”

Fọlárìn fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Catherine yí sí Lọ́lá. “Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè, Lọ́lá. O wá fi ilé mi wé orí.” Ó na ọwọ́. Lọ́lá bọ́ ẹ̀gbà wúrà náà láìjiyàn, ó fi í sí i lọ́wọ́.

“Mọ́mì,” ni Fúnkẹ́mi tún wí, “ẹ ò tíì sọ fún mi. Ta ló ni àga yìí?”

Alhaji Shuaib ló dá a lóhùn, omi sì ti lé sí i lójú. “Ìwọ lo ni ín, ọmọ mi. Àwọn kan fi í pamọ́ fún ẹ, Ọlọ́run ló wá fi ẹ jókòó síbẹ̀.”

Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Òkè òfurufú ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń dúró dè wọ́n. Níwájú àwọn tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò ní Lọ́ńdọ̀nù, Catherine méjì ló yọ, orúkọ ọkọ kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n bi Lọ́lá léèrè títí ó fi pe orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n dá òun àti Fọlárìn tó jẹ́rìí èké fún un padà sí Nàìjíríà. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí, lẹ́bàá ilé ìtọ̀, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni Lọ́lá ti gbé báàgì rẹ̀, tó lọ láìwẹ̀yìn.

Alhaji lé Fọlárìn kúrò n'Ìlúpéjú. Fọlárìn rí iṣẹ́ míì l'Ọ́gbà, wọ́n lé e nítorí pé ó ń pẹ́ dé. Ó rí òmíràn ní Oko Ọba, wọ́n tún lé e fún ohun kan náà. Inú yàrá kan l'Ágége ló ń gbé, ó ra aago mẹ́ta sórí tábìlì. Wọn a dún, wọn a dún, títí àwọn ayálégbé yóò fi máa gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n ní Àkànmú.

Ní ilé Catherine, láti ìgbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, obìnrin náà yóò kúnlẹ̀, yóò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà yóò lọ sídìí ibùsùn ọmọ rẹ̀, yóò máa kì í. “Àdùkẹ́, jí o, ojúmọ́ mọ́.” Fúnkẹ́mi yóò la ojú. Yóò wo fèrèsé, yóò wo ìyá rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ ti di gèlè wọ́ o.”