Àdúrà Tí Ìyá Ọkọ Ò Ṣe fún Eunice

Ẹ sún mọ́bí dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ bọ́ síwájú, kẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ gbé e sílẹ̀ ná. Ìtàn ìfẹ́ ni o, àmọ́ kì í ṣe èyí téèyàn ń fi etí kan gbọ́.

Ọdún 1962 ni, ní Ìlórò-Èkìtì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sá fún wolé-wolé nígbà yẹn. Tí wọ́n bá ti rí kakí ẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lókèèrè, ìyá kan á sáré da omi ìkòkò nù, ìyá kejì á tilẹ̀kùn, á gba ẹ̀yìn lọ sóko. Wolé-wolé tó ń yí Ìlórò ká lọ́dún yẹn, Akínyẹmí ló ń jẹ́. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayé ni, ọ́fíìsì Ìjerò ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ó wọ ilé Bàbá Samuel, àgbẹ̀ kòkó tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ CAC. Gbogbo ilé ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Eunice nìkan ló dúró. Ọmọ Bàbá Samuel ni, tíṣà ni, ó wá lo ọlidé nílé. Akínyẹmí yọjú sínú ìkòkò kan lẹ́yìn ilé, ó rí tanwíjí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ó fa ìwé yọ.

"Ta ló ni omi yìí?"

"Ewúrẹ́ ló ni ín, ọ̀gá wolé-wolé," Eunice dá a lóhùn. "Òun náà ló wà lábẹ́ igi ọsàn yẹn. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ kóòtù."

Akínyẹmí wo ewúrẹ́, ó wo Eunice. Ó gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín pa á.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún dé, ilé Bàbá Samuel nìkan ló sì ń yẹ̀ wò. Bàbá wá pè é jókòó, wọ́n bi í bóyá ilé àwọn ló dọ̀tí jù ní gbogbo Ìlórò ni. Ó ní rárá o, sà, ilé yín mọ́ tónítóní.

"Ó dáa," Bàbá ní. "Kí lo wá ń wá nínú ilé tó mọ́?"

Ojú Akínyẹmí lọ sọ́dọ̀ Eunice. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Eunice ń pè é ní "Wolé mi", òun náà ń pe Eunice ní "Ẹyinjú mi". Wọ́n fẹ́ràn ara wọn dénú, kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Akínyẹmí, opó ni wọ́n, Rebecca lorúkọ ìsàmì wọn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Akínyẹmí nìkan ni ikú fi sílẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ tí ẹbí méjèèjì pàdé ní Ìlórò, inú wọn dùn débi pé wọ́n ti ra ọ̀já ìpọnmọ pamọ́. Wọ́n ní Eunice á kún ulé àwọn fọ́mọ.

Àfi ìgbà tó di ọdún kejì. Eunice ń kọ ìṣirò sójú pátákó nílé ìwé ní Ìjerò. Ó fẹ́ ní káwọn ọmọ ṣí ìwé, "Ẹ ṣí iṣu" ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó tún un sọ, iṣu náà ni. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé tíṣà ń bá àwọn ṣeré. Kò tó wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó ní ó rẹ òun ni. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ wẹ̀, ó rí àmì wínníwínní lẹ́sẹ̀ ẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Ẹyinjú ẹ̀ sì ti pọ́n bíi tẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Ọjọ́ kejì, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ rọ, ṣíbí já bọ́. Kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ tún gbé. Ọjọ́ kẹta, ó ṣubú láàárín ọjà Ìjerò, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu. Gbogbo ọjà sá sẹ́yìn. Wọ́n ní wárápá ni, kẹ́nikẹ́ni má jẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kan òun. Kílẹ̀ tó ṣú, Ẹ̀fọ̀n ti gbọ́.

Akínyẹmí kò gbà. Ó fi àmì ẹsẹ̀ yẹn han gbogbo ẹni tó sún mọ́ ọn.

"Wárápá kì í fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn lẹ́sẹ̀," ó ní. "Nǹkan mìíràn lèyí."

Òun àti Bàbá Samuel gbé e wọ lọ́rì láti Àrámọkọ, ó di Ìbàdàn. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbà kọjá. Ìyá Akínyẹmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń juwọ́ kí lọ́rì dúró. Akínyẹmí rí wọn, kò sọ fún dẹ́rẹ́bà. Ó rò pé ìṣẹ́jú kan lè pọ̀ jù.

Ní Ìbàdàn, dókítà ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Eunice ló ń dì. Kì í dì nínú iṣan ńlá, inú àwọn iṣan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló ti ń dì. Tó bá dí èyí tó wà nínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ á sọ nù, tàbí kí ọwọ́ rọ. Tí ọ̀nà bá tún là, á padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ tó ń bọ̀. Bàbá Samuel bi í bóyá ọmọ òun máa yè. Dókítà ní àwọn tó ń yè ò pọ̀.

Wọ́n ní àwọn nílò ẹ̀jẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti fẹ̀mí sílẹ̀. Akínyẹmí ká ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀ sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n fún Eunice lẹ́jẹ̀, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ó yè. Ó ku bíńtín ni, àmọ́ ó yè. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ń falẹ̀, á wá a kó tó rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, dókítà bá Eunice nìkan sọ̀rọ̀. Eunice lọ jókòó ti Akínyẹmí lórí bẹ́ǹṣì níta.

"Wolé mi," ó ní. "Oyún lè jí àìsàn yìí. Tó bá jí... dókítà ò rò pé màá tún yè. Ọ̀nà wà tí oyún ò fi ní dé, wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Àmọ́ mi ò ní bímọ fún ẹ. Máa lọ, mi ò ní bínú."

Ìbànújẹ́ mú Akínyẹmí gan-an. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ó fẹ́ ọmọ. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún Eunice mú.

"Ìwọ ni mo wá fẹ́ ní Ìlórò," ó ní. "Ìwọ náà ni mo ṣì fẹ́."

Ó lọ bá ìyá ẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, ó sì sọ gbogbo ẹ̀. Ìyá sunkún, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún sunkún. Wọ́n ní àwọn sin mẹ́rin, èyí tó kù tún fẹ́ ti ilẹ̀kùn ulé àwọn pa. Akínyẹmí ò jiyàn. Ó ní nǹkan kan lòun fẹ́ bẹ̀ wọ́n.

"Tó bá dọjọ́ ìgbéyàwó, Màmá, ẹ má ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní. Ẹ má sọ pé oṣù mẹ́sàn-án òní. Tí Ọlọ́run bá gbọ́ èyí, òkú lẹ máa gbà."

"Ìgbéyàwó wo ni wọn ò ti ṣe é?" Ìyá ní. "Mi ò ní wá."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dá lọ sí Ìlórò láìsọ fọ́mọ wọn. Wọ́n fẹ́ bẹ Eunice kó yọ̀ǹda Akínyẹmí. Wọ́n bá a nídìí tábìlì, ó ń fọwọ́ òsì kọ ABD bí ọmọ kíláàsì kìíní, òógùn bò ó. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹsẹ̀ ò tètè gbà, ó sì kúnlẹ̀ náà. Wọ́n sọ tẹnu wọn. Eunice gbọ́ ọ tán.

"Màmá, mo ti lé e... ẹ̀ẹ̀mejì, ní Ìbàdàn àti nílé yìí," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá lè mú un lọ, ẹ mú un lọ. Àmọ́ èmi ò ní lé e lẹ́ẹ̀kẹta. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo sì fẹ́ wà láàyè."

Ìyá dìde. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n wọkọ̀ padà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìgbéyàwó dé. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n mú Eunice wọ agbo ilé ọkọ ẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ìyá Akínyẹmí wà níbẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú wọn fún àdúrà. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Wàá dàgbà. Wàá darúgbó. Èmi àti ìwọ àti ọmọ mi, a ò ní sin ara wa léwe."

Àmín. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò.

Àwọn èèyàn ń retí. Wọ́n ní ẹ tún un ṣe, Ìyá Akín, ẹ ti gbàgbé eléyìí tó ṣe kókó. Ìyá ní àwọn ò gbàgbé, àwọn ti parí. Ni àbúrò ọkọ wọn, Ǹtí Janet, bá gbé e ní tiẹ̀: "Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní..."

"Janet," Ìyá ní, "panu mọ́."

Gbogbo agbo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹ̀fọ̀n ní Ìyá Akínyẹmí kórìíra ìyàwó ọmọ ẹ̀, pé òun ló fi ẹnu ara ẹ̀ ti inú ọmọbìnrin náà pa. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún tọ́mọ ò dé, wọ́n ń fojú burúkú wo Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi wọ́n kọrin lódò. Eunice fẹ́ ṣàlàyé fáyé, Ìyá ò gbà. Wọ́n ní táwọn èèyàn bá mọ̀, ọmọ òun ni wọ́n máa sọ fún pé kó fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú òun. Àwọn èèyàn bú wọn títí Ìyá fi kú, Eunice ló sì fọwọ́ òsì bọ́ wọn lóúnjẹ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Ìyá Akínyẹmí, tí ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú yín, tí gbogbo Ẹ̀fọ̀n ń wo ẹnu yín, kí lẹ̀ bá ṣe?