Ààrò Tó Fúyẹ́ Jù

Omi gbígbóná dà sí Christelle lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ààrò eléèédú tí òun àti Ràódàt jọ fi irin ṣe ló dojú dé, tòun ti ìkòkò orí rẹ̀.

"Christelle, ṣé mi ò ní kí ẹ má ṣeré nídìí iná?" ni olùkọ́ wọn, Mùsíọ̀ Dieudonné, wí, bó ṣe ń bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀.

"Mùsíọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án." Omijé ti bo ojú ọmọ náà.

Ràódàt mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò lanu.

Olùkọ́ ti ní kí ààrò tí yóò gba ipò kìíní nínú kíláàsì má jẹ èédú púpọ̀, kó fúyẹ́, kó sì dúró dáadáa. Christelle ló ní kí wọ́n fi ọ̀pá irin so àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pá náà mú kó wúwo, Ràódàt sì fẹ́ kí tiwọn fúyẹ́ ju ti Cédric, ọmọ kíláàsì wọn, lọ. Nígbà tí Christelle lọ jẹun, Ràódàt gé ọ̀pá náà kúrò, kò sì sọ fún un.

Nígbà tí Ràódàt délé ní àdúgbò Awendjé, kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ó fi jẹ́wọ́.

"Christelle wá ni wọ́n ń bá wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ sì dákẹ́."

Ràódàt bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde nínú kíláàsì, ó sọ ohun tó ṣe. Christelle yíjú sí i.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Bí o ṣe ń mú kó fúyẹ́ lo ń mú kó mẹ́hẹ," ni Mùsíọ̀ Dieudonné wí fún Ràódàt. "Gbogbo ohun tí à ń wá kọ́ la lè rí lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni láti wá ibi tí ọ̀kan kò ti ní ba èkejì jẹ́. Ẹ lọ tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí. Ààrò náà wúwo díẹ̀ ju ti Cédric lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tì í, kò ṣubú. Wọn kò gba ipò kìíní. Christelle bá Ràódàt ṣiṣẹ́ dé òpin, àmọ́ kò bá a rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó wá yé Ràódàt pé ohun tí èèyàn bá fojú fò dá nígbà tó ń lé ipò kìíní, ẹlòmíràn ló sábà máa ń jìyà rẹ̀.