Odò Orí Tábìlì

Orí àga ni obìnrin náà dúró sí nígbà tí ọ̀gá sójà kan kọ́kọ́ rí i, ó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kun odò sórí tábìlì tó fẹ̀ bí yàrá. Òkè wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú afárá rẹ̀, àwọn ọmọ ogun onígi sì tò lọ bẹẹrẹ. Ẹnu ya ọkùnrin náà. Ó ti ja ogun rí, ṣùgbọ́n kò tíì fojú rí ogun lódindi.

“Ẹ má fara ti òkè yẹn o, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ,” lobìnrin náà wí láì wẹ̀yìn.

Ọ̀gá sójà wo apá aṣọ rẹ̀ tí ọ̀dà ti yí. “Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ ti ṣẹ́gun mi.”

Obìnrin yìí ló ń ṣe eré ogun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn sójà, kí wọ́n lè ṣe àṣìṣe wọn lórí igi dípò orí ènìyàn. Ìyá Ogun ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò gbé ìbọn rí. Ọkùnrin náà ń wá bá a ṣe eré yìí, ó ń pàdánù, obìnrin náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn orí òkè jù. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n bàbá obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun kò ní fẹ́ sójà. Ó ti ṣe sójà nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má kúrò lẹ́nu afárá kan, òun nìkan ló sì bọ̀ láàyè. Ó ní òun ò ní fojú ara òun wo ọmọ òun kó di opó.

Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo iṣẹ́ òun.

Nígbà tí bàbá wọlé, tó rí tábìlì náà, ó dúró gbagidi. Odò tó ti ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ yìí láti kékeré ló wà níwájú rẹ̀, títí dé ibi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́nà. Ọ̀gá sójà, tó ti wà nídìí tábìlì, kò mọ odò ẹni tó jẹ́. Bàbá jókòó, ó ní òun ni yóò ṣe ọ̀tá nínú eré náà. Àṣẹ tí wọ́n fún ọ̀gá sójà ni pé kó má fi afárá sílẹ̀.

Bàbá kọ lù ú láti apá méjèèjì. Ọkùnrin náà wo tábìlì pẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí afárá fi ṣófo.

Bàbá ní, “O ti pàdánù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n afárá ṣeé tún kọ́.”

Bàbá mú ọmọ ogun onígi kan, ó wò ó. “Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ,” ló wí fún ọmọ rẹ̀. “Èyí mọ ìsá. Ní kí àwọn òbí rẹ̀ wá rí mi.”

Ó bọ́ síta lọ, ó ku àwọn méjèèjì. Ọ̀gá sójà di ọwọ́ obìnrin náà mú.

“Mi ò lè ṣèlérí pé ogun ò ní dé,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mi ò ní torí orúkọ dúró de ikú. Ọ̀dọ̀ rẹ ni màá máa sá bọ̀.”

“Ó tó mi,” lobìnrin náà dáhùn, “ọkọ mi.”