Ọwọ́ Tí Akọ̀wé Fi Sí Ìwé Ilé

Ọkùnrin oníbúrẹ́dì náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó na tépù láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn, ó sì ré aṣọ tí ìyá Akọ̀wé ń gé lọ́wọ́ kọjá bí ẹni ń ré pàǹtí kọjá.

"Ibí ni ààrò máa wà," ó sọ fún ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ààrò ta ni?" ìyá bi í.

"Tèmi ni. Mo ti gba iwájú ilé yìí fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi palẹ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé."

"Èmi? Ọwọ́ wo? Ṣé ọwọ́ tó di sísọ́ọ̀sì mú yìí?"

Akọ̀wé ń rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Abẹ́rẹ́ gún un ní ìka, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ilé náà jẹ́ ti ẹni méjì. Bàbá Akọ̀wé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ rà á, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé ilé. Nígbà tí bàbá kú, ìpín tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ìwé bá dé, ì báà jẹ́ láti iléèwé, ì báà jẹ́ láti iléeṣẹ́ iná, yóò kàn gbé àgbọ̀n sókè ni: "Akọ̀wé, bá mi fọwọ́ sí i." Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti gba orúkọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọwọ́ ọmọ ti di ọwọ́ ìyá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní oṣù tó kọjá, ó dúró de Akọ̀wé lójú ọ̀nà iléèwé, ìwé wà lábíyá rẹ̀.

"Akọ̀wé ọmọ àbúrò mi, ọmọ tó ń fi gègé sọ̀rọ̀ bí ẹni fẹnu sọ ọ́, ọmọ tí ìwé ń rí tí ń wárìrì. Ìwé àtúnṣe òrùlé nìyí. Bá ìyá rẹ fọwọ́ sí i. Bí òrùlé bá ti parí, yàrá òkè tó ní fèrèsé méjì yẹn di tìrẹ. Ibẹ̀ ni wàá ti máa kàwé ìdánwò rẹ."

Inú yàrá kan ṣoṣo ni Akọ̀wé àti ìyá rẹ̀ ń sùn, àárín ìdì aṣọ oníbàárà. Ó ṣí ìwé náà. Ní ojú ewé kejì, ó rí "ṣọ́ọ̀bù iwájú". Ó rí "ọdún mẹ́wàá". Ọkàn rẹ̀ ní kó dúró. Ó ronú kan fèrèsé méjì, ó ṣí ewé náà kọjá, ó sì kọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí oníbúrẹ́dì ká tépù rẹ̀ lọ, ìyá gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó fẹ́ wó o, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lókè.

"Ìyàwó, fọkàn balẹ̀," ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí. "O ti gbàgbé ni. Èmi ni mo ni ilé, mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Bàbá, ìdajì lẹ ni. Ẹ jókòó lórí ìdajì yín. Títí di àárọ̀ yìí ni mo fi bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kí n kó ọ̀wọ̀ náà padà."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá ká Akọ̀wé mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bí o bá la ẹnu, ìwọ ni ọlọ́pàá máa mú. Ta ló kọ ọ́, èmi ni àbí ìwọ?"

Inú bí ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kó bá ọ̀dàlẹ̀ inú ilé yìí jà. Ó gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Ta ni Ọlọ́run ì bá kọ́kọ́ bá jà? Ó dìde láìṣe àmín.

Ìyá pe gbogbo wọn, àti oníbúrẹ́dì, lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà tó kọ ìwé náà. Lọ́yà, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn tábìlì, na ìwé sí ìyá. "Màmá, ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ́rìn-ín. Ó tú àpò rẹ̀. "Ìwé iná rèé. Ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀ rèé. Ẹ wò ó, ọwọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìyá wá yí ojú sí ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ rí ohun tó máa rí.

Akọ̀wé dìde. "Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀, mà. Mo kọ èyí náà. Mo rí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, mo sì kọ ọ́. Ìyá mi ò mọ̀ sí i."

"Ọmọ yìí ń purọ́ gbe ìyá rẹ̀," ẹ̀gbọ́n bàbá wí.

Lọ́yà ti bébà sí ìyá àti ọmọ, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ìyá. Akọ̀wé kọ tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí tinú ìwé. Ìyá kọ tirẹ̀, lẹ́tà ń wọ́ lọ bí èèrà tí wọ́n da omi sí.

"Ilé tí ẹni méjì jọ ni, ẹnì kan kò lè dá fi iwájú rẹ̀ háyà," lọ́yà wí. "Ọwọ́ ẹnì kejì kò sí níbí. Àdéhùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ gbé e fún ọmọdé, ẹ ó ṣàlàyé fún adájọ́."

Oníbúrẹ́dì ta dìde. "Ààrò mi wà níta gbangba, òjò ń pa á. Ará ilé kan náà ni yín, ẹ jọ fi mí ṣeré." Ó nàka sí Akọ̀wé. "Ìwọ náà, má rò pé òtítọ́ òní ti pa irọ́ àná rẹ́."

Ìyá àti ọmọ kò tíì rìn jìnnà sí ọ́fíìsì náà tí ẹ̀gbọ́n bàbá fi kígbe lẹ́yìn wọn: "O ò rí yàrá gbé mọ́, ọ̀dàlẹ̀ ọmọ."

Ìyá dúró. "Yàrá wo?"

Akọ̀wé sọ fún un, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Yàrá," ìyá wí. "Ẹ̀rọ tó bọ́ ọ, o fi pààrọ̀ fèrèsé méjì. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, mo mọ kóòtù tí n ó gbé e lọ. Tìrẹ ńkọ́, kóòtù wo ni n ó gbé ọ lọ?"

Ṣọ́ọ̀bù kò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí lẹ́tà bá dé, ìyá tí kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ á dìde, á kọjá níwájú ọmọ rẹ̀, á sì gbé lẹ́tà náà lọ sí òpópónà kejì kí olùkọ́ kan bá òun kà á. Akọ̀wé á jókòó, á máa wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ títí á fi yà sí òpópónà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ ò kà tán, ẹ má fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ rí pé kò dára, ẹ má díbọ́n pé ẹ ò rí i. Ìpín ẹni nínú ilé, òfin lè bá ni gbà á padà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ìyá ẹni kò ní adájọ́. Ẹni tó bá dà á nù, òun náà ni yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a.